Òṣùwọ̀n Dúró, Iṣẹ́ Kò Dúró

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí, a kì í sábà sọ ọ́ lórí ẹní Ifá. Ọ̀rọ̀ ara sísanra ni, àti bí a ṣe ń dín in kù. Kì í ṣe bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ìbẹ̀rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Dókítà á sọ̀rọ̀ tó dẹ́rù bani, ọmọ á bẹ̀bẹ̀, ènìyàn á sì bẹ̀rẹ̀. Àárín ọ̀nà ló le, níbi tí ènìyàn ti ń ṣe gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe, tí òṣùwọ̀n sì kọ̀ tí kò mira. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, oṣù kan, oṣù méjì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣẹ́rí padà, tí gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ á tún gorí wọn.

Ènìyàn mẹ́ta ló ti wá dá Ifá lọ́dọ̀ mi lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún yìí. Ọ̀kan nínú wọn gbà pé kí n sọ tòun, bí n kò bá ti dárúkọ.

Ìyá kan ni nínú ẹgbẹ́ wa, ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, aṣọ ló ń tà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kílò 128 ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára rẹ̀, ṣúgà náà ti ń gòkè, orúnkún sì ń dùn ún débi pé nígbà tí a bá kúnlẹ̀ kí Ifá, orí àga lòun máa ń wà lẹ́yìn. Ó sọ fún mi pé ìyẹn dun òun ju ọ̀rọ̀ dókítà lọ. Láàrin oṣù mẹ́sàn-án, ó bọ́ sí kílò 107. Kílò 21 ló lọ. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 20 tó kún, kí ẹ fi rìn yí ilé ká lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí. Ó ti sọ ẹrù tó tó ìyẹn kalẹ̀.

Àfi bí òṣùwọ̀n ṣe dúró sórí 107 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá gbáko. Ló bá wá.

"Bàbá, òṣùwọ̀n mi ti kú. Mo ra tuntun, òun náà ń wí nǹkan kan náà."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ṣé ẹ ṣì ń ṣe ohun tí ẹ ń ṣe bọ̀?"

"Mò ń ṣe é, Bàbá. Ṣùgbọ́n kí ni mo tún ń ṣe é fún? Ẹ bá mi bi Ifá bóyá ọwọ́ ayé ló wà níbẹ̀."

Ó tún yọ ìgò àgbo kan nínú báàgì. Ẹnì kan ló tà á fún un lọ́jà, ó ní kó mu ún ní alẹ́ mẹ́ta, gbogbo ọ̀rá inú ni yóò fọ̀ jáde.

Mo dá Ifá fún un. Ohun tí Ifá bá a sọ, tirẹ̀ ni, n kò ní kọ ọ́ síbí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ fún un lẹ́yìn tí mo kó ọ̀pẹ̀lẹ̀ nílẹ̀ tán, ti gbogbo wa ni.

Èkíní, mo ní kí ọ̀rọ̀ yìí tó di ọ̀rọ̀ ayé, ọ̀rọ̀ ara ni. Ọkọ̀ tó ru ẹrù kún máa ń mu epo ju èyí tó ti já ẹrù sílẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ara. Ará kílò 128 ń lo oúnjẹ púpọ̀ kó tó lè rìn, kó tó lè dìde, kódà kó tó lè sùn kó sì mí. Ará kílò 107 kò lo tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Nítorí náà, oúnjẹ tí kò tó ará àkọ́kọ́, tó jẹ́ kó máa fà sílẹ̀, ti wá ń tó ará kejì gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ara máa ń háwọ́. Kò mọ̀ pé dókítà ló ní ká dín oúnjẹ kù, ìyàn ló rò pé ó dé. Á máa ṣọ́ agbára ná, ebi á sì máa pani ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn dókítà mọ ìdúró yìí dáadáa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń bá a pàdé lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà.

Ẹ má sì fi oṣù yìí wé oṣù àkọ́kọ́. Oúnjẹ oníyẹ̀fun tí ara tọ́jú pa mọ́, omi ló fi ń tọ́jú rẹ̀. Tí ara bá lo oúnjẹ yẹn, omi á bá a lọ. Nítorí náà, nínú kílò tó ń yára wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀, omi pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rá gan-an kì í yára lọ.

Èkejì, mo ní kó ra ìwé kékeré kan, kó kọ gbogbo ohun tó bá kan ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ méje, kó má fi ohunkóhun pa mọ́. N kò pè é ní òpùrọ́ o. Ojú ló máa ń mọ́ra. Ìwọ̀n tí a ń bù nígbà tí ẹ̀rù ṣì ń bà wá kọ́ la ń bù lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án. Nígbà tó padà wá, ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní òun rí i nínú ìwé pé ẹ̀pà ni òun fi ń pa ìgbà ní ṣọ́ọ̀bù, pé òun ló ń jẹ ìyókù inú àwo ọmọ-ọmọ òun, pé kò sí òde àríyá tí òun lọ tí òun kò mu máàtì nítorí pé kì í ṣe ọtí. Epo ọbẹ̀ náà, kì í fi ṣíbí wọ̀n ọ́n mọ́, ojú ló fi ń dà á. Ṣíbí ńlá kan epo pupa tàbí òróró ní nǹkan bí kálórì 120 nínú. Ṣíbí mẹ́ta tí a kò kà, oúnjẹ odidi ni.

Ẹ̀kẹta, mo ní kí ni nǹkan mìíràn tó ń sọ fún un yàtọ̀ sí òṣùwọ̀n? Aṣọ ló ń tà, ó mọ ìró. Mo ní kó lọ ró ìró tó ń ró lọ́dún tó kọjá, kó wo ibi tí etí rẹ̀ dé. Ó ní láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tí òṣùwọ̀n fi dúró yẹn, etí ìró ṣì ń lọ síwájú sí i. Mo ní kó mú ìwé ilé ìwòsàn rẹ̀ wá. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó wà ní 168 lórí 100 nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ti di 138 lórí 84. Àwọn dókítà sọ pé bí ènìyàn bá sọ márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ kalẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dára. Tirẹ̀ ti ju mẹ́rìndínlógún lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n sì ní kílò kan tó bá kúrò lára máa ń gba nǹkan bí kílò mẹ́rin kúrò lórí orúnkún ní gbogbo ìgbà tí a bá gbẹ́sẹ̀. Ẹ fi 21 lọ́nà mẹ́rin. Ṣé ẹni tó rí èyí ló ń sọ pé òun kò rí èrè?

Ọ̀rọ̀ ìgò àgbo ńkọ́? Mo ní kó má mu ún. Oníṣègùn ni mí, n kò ní bú ewé. Ṣùgbọ́n àgbo tó ń ṣí inú, omi àti iyọ̀ ara ló ń kó jáde, kì í ṣe ọ̀rá. Òṣùwọ̀n á wálẹ̀ lọ́la, tí ẹ bá mu omi lọ́tùn-únla á tún gòkè. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú kí ènìyàn tọ̀, tó tún wá ń mu àgbo tó ń ya inú, ewu ńlá ló ń fà lẹ́sẹ̀. Ewé lágbára, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í ṣeré. Kí ẹnikẹ́ni má sì fún ra rẹ̀ dá oògùn dókítà dúró. Àwọn oògùn kan wà tí wọ́n ń mú kí kílò má wálẹ̀, àwọn àìsàn kan náà wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fura, kó lọ bi dókítà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí à ń sin Ifá.

Àwa mọ èèwọ̀. Tí wọ́n bá ti sọ fún ènìyàn ní igbódù pé kò gbọdọ̀ jẹ nǹkan kan, ó parí nìyẹn, títí ayé ni. N kò tíì rí ẹni tó jí láàárọ̀, tó gun òṣùwọ̀n, tó ní kí òun wo iye tí èèwọ̀ san fún òun lánàá. Kò sí ẹni tó ń sọ pé "mo ti pa á mọ́ fún oṣù mẹ́ta, n kò rí nǹkan, ẹ jẹ́ kí n jẹ díẹ̀." A ń pa á mọ́ nítorí pé irú ẹni tí a jẹ́ nìyẹn. Kò gba ìtara. Ìtara dà bí àlejò, ó ń wá, ó ń lọ, a kò lè ní kó tó dé ká tó dáná.

N kò ní máàtì di èèwọ̀ Ifá fún ìyá yìí o, n kò lè dá èèwọ̀ sílẹ̀ fúnra mi. Ohun tí mo sọ ni pé kó fi ojú yẹn wò ó. Bí oúnjẹ tuntun bá jẹ́ ẹ̀wọ̀n tí a ń ṣe títí a ó fi dé kílò 90, ọjọ́ tí òṣùwọ̀n bá dúró, á dà bíi pé wọ́n fi kún ọdún ẹ̀wọ̀n wa. Bó bá jẹ́ pé bí a ṣe ń gbé ilé ayé wa nìyẹn, òṣùwọ̀n á dúró, a ó ṣì máa bá ìgbé ayé wa lọ.

Ẹ tún wo ọmọ awo tó ń kọ́ Ifá. Ojú odù 16, ọmọ odù 240, gbogbo rẹ̀ 256, ẹsẹ̀ inú wọn kò sì lóǹkà. Gbogbo ẹni tó kọ́ ọ ló mọ̀ pé àkókò kan ń bọ̀ tí tuntun kò ní wọlé mọ́. Nígbà tí ó dé bá mi, olúwo mi kò fi kún un, kò sì lé mi lọ sílé. Ó ní kí n máa ké èyí tí mo mọ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Èyí tí mo tún ké nígbà náà ni kò kúrò lórí mi títí dòní. Bẹ́ẹ̀ ni ará tó dúró sórí 107. Ó ń kọ́ bí a ṣe ń jẹ́ 107 ni. Sísọ kílò kalẹ̀ ṣòro, ṣùgbọ́n kí ó má padà wá ṣòro jù ú lọ. Ẹni tó di 107 mú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, iṣẹ́ ńlá ló ṣe.

Ìyá yìí yọ ṣíbí kan kúrò nínú epo ọbẹ̀. Ó fi omi rọ́pò máàtì. Ó ń fi ìdajì wákàtí rìn kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Láàárọ̀ àti lálẹ́, á jókòó sórí àga, á dìde láì fọwọ́ tì í, nígbà mẹ́wàá, kí ẹsẹ̀ lè lágbára. Ẹ̀wà àti ẹja pọ̀ sí i nínú àwo rẹ̀, èbà kéré sí i. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń gun òṣùwọ̀n báyìí, ní àárọ̀, kó tó jẹun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò sí nǹkan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, 106. Ibẹ̀ ló ṣì wà bí mo ti ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ Ifá tó kọjá, nígbà tí gbogbo wa kúnlẹ̀, mo rí i tó fọwọ́ di etí bẹ́ńṣì mú, tó rọra kúnlẹ̀ pẹ̀lú wa. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan. Èmi náà kò sọ.

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀rọ̀ kan ọ̀dọ̀ yín. Nílẹ̀ wa, "o ti sanra" oríyìn ni, "o ti rù" bí ìbánikẹ́dùn ni. Ẹni tó ń tiraka, tí ẹ bá pàdé rẹ̀ tí ẹ ní "ṣé kò sí o? Ṣé ara le?", ẹ ti yọ egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má bi í pé kílò mélòó ló kù. Ẹ má ṣe dáná tirẹ̀ lọ́tọ̀ bí aláìsàn, ẹ dín epo inú ìkòkò gbogbo ilé kù, yóò ṣe gbogbo yín láǹfààní. Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 oṣù kẹjọ, kì í jìnnà lọ títí, oúnjẹ á pọ̀. Ẹ rántí pé pípín ni iyì oúnjẹ ọdún. Bí ó bá ní "ó tó", ẹ jẹ́ kó tó.

Ẹ̀yin tí òṣùwọ̀n yín dúró, ẹ kú sùúrù. Orí yín kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ yín. Ẹsẹ̀ yín á gbé yín dé ibi ire, orúnkún yín kò ní kọ̀ fún yín níwájú Ifá, ẹ ó fi ara líle rí ọmọ-ọmọ yín. Àṣẹ.

Ó di ìgbà mìíràn. Ire o.