Pọ́rójẹ́ẹ̀tì Tá A Rà Kò Lè Jẹ́rìí Fún Wa

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Nínú àwa tí à ń gbé Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, tí à ń wọkọ̀ lọ sí yunifásítì ní Àkùngbá láràárọ̀, ta ni kì í sọ pé òun máa ṣe másítà? Ṣùgbọ́n tó bá di ọdún pọ́rójẹ́ẹ̀tì, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà la máa ń sá lọ. Wọ́n á yọ iṣẹ́ ẹlòmíì jáde, wọ́n á pààrọ̀ orúkọ ìlú, ó parí. Ọwọ́ àwa tá à ń kọ èyí náà kò mọ́ tán: a ti bá ọ̀rẹ́ dúnàádúrà rẹ̀ rí.

Olè ni. Ara wa gan-an la sì ń jà lólè.

Àwọn kan ní máàkì nìkan ló ṣe pàtàkì. Lóòótọ́, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Commonwealth tó ń gbé èèyàn lọ sí Ìlú Ọba sábà máa ń béèrè second class upper, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà lásán nìyẹn. Wọ́n á tún bi wá pé: kí lẹ fẹ́ ṣèwádìí lé lórí? Kí lẹ ti ṣe rí? Olùkọ́ wo ló lè jẹ́rìí yín? Olùkọ́ tó jẹ́ pé ìgbà tó ń pe orúkọ nìkan ló ń gbóhùn wa, kí ló fẹ́ kọ?

Wọ́n á ní kò síná, kò sówó, kò sí ìwé tuntun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Sophie Salffner wá láti SOAS ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fi ohùn èdè àwọn ará Ìkákùmọ̀ gboyè dókítà. Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni Ìkákùmọ̀ àti Ìkàrẹ́ wà! Mélòó nínú wa ló ti débẹ̀ rí?

Ní oṣù Kínní ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nítòsí ẹnu ọ̀nà yunifásítì ní Àkùngbá. A sunkún, a fẹ̀hónú hàn. Ta ló wá mú bírò, tó dúró létí títì láti ka iye ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kọjá lójúmọ́ àti bí wọ́n ṣe ń sáré tó? Pọ́rójẹ́ẹ̀tì gidi nìyẹn, ó sì lè gba ẹ̀mí là.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kejì, ẹ ti máa wá ìbéèrè tiyín báyìí. Ẹ tọ olùkọ́ kan lọ, kó mọ̀ yín kí ìdánwò tó dé. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, ẹ má kàn máa fi fọ́tò yín nínú yìnyín ránṣẹ́ sí wa. Ẹ fi lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ tí wọ́n fi gbà yín hàn wá, ẹ bá wa ka tiwa.

Ẹni tó ra pọ́rójẹ́ẹ̀tì níhìn-ín, ta ni yóò bá a kọ ti másítà?