Ìkòyí Wo Ni Ẹ Ń Lọ?

Púpọ̀ nínú yín ni ó máa ń ti Ìkòyí-Ilé, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ lọ sí Èkó: ẹlòmíràn ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ńlá tí ó wà ní Ìdí-Àràbà, ẹlòmíràn ń lọ sí ọ́fíìsì àwọn aṣojú ìjọba òkèèrè nítorí ìwé ìrìnnà, ẹlòmíràn sì ń lọ ra ọjà. Láti ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021 tí ìjọba ti ṣí rélùwéè tuntun tí ó ń kó èrò láti Ìbàdàn lọ sí Èkó, àwọn kan nínú yín ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Mọ́níyà láti wọ ọkọ̀ ojú irin. Ẹ ṣe dáadáa. Kìlómítà 157 ni ọ̀nà náà, kò sì sí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lórí irin.

Ṣùgbọ́n wàhálà ìrìn-àjò yìí kò sí nínú ọkọ̀ rárá. Ìgbà tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ tán ni ó ń bẹ̀rẹ̀.

N'ígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣí rélùwéè àkọ́kọ́ láti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, Ìdó ni ibùdó ọkọ̀ náà ní Èkó. Nígbà tí wọ́n tún nà án síwájú, kò gba Ọ̀yọ́, kò sì gba Ògbómọ̀ṣọ́. Òṣogbo àti Ọ̀fà ni ó gbà lọ sí Ìlọrin, àwọn baba wa ni ó ń wá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ ní Ìdó nígbà náà, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ ìlú rẹ̀ ni ó sábà máa ń wọ̀ sí. Nísinsìnyí, àwọn ọmọ wa tí ó wà l'Ékòó ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. Ojú ń ti bàbá àti ìyá láti fún wọn mọ́ ibẹ̀, ni wọ́n fi ń wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì.

Alágọ́mẹ́jì ní Yábàá ni ọkọ̀ tuntun yìí ń parí sí. Orúkọ Mọbọ́lájí Johnson, gómìnà àkọ́kọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó ní ní 1967, ni wọ́n fi sọ ibùdó náà. Ilé ńlá ni. Bí ẹ bá ti jáde ní ẹnu géètì, àwọn awakọ̀ yóò yí yín ká, èyí á di àpò yín mú, tọ̀hún á máa fa ọmọ yín lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, àmọ́ bí a bá lọ bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tí yóò gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ wa, èyí tí ó jìn jù ni yóò júwe.

Orúkọ ìlú wa gan-an lè dá wàhálà sílẹ̀. Ká ní ìyá kan ti Ìkòyí-Ilé dé, ó di ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Awakọ̀ ní, "Alhájà, ẹ kú àbọ̀ o, níbo ni?" Ìyá dáhùn pé, "Ọmọ mi, ará Ìkòyí ni mí, òtẹ́ẹ̀lì ni kí o gbé mi lọ." Ìkòyí ni awakọ̀ gbọ́. "Ẹ wọlé, Màmá!" Kí ìyá tó mọ̀, wọ́n ti wà lórí afárá kẹta, tí wọ́n ń sọdá ọ̀sà lọ sí Ìkòyí ti Èkó, níbi tí àwọn olówó ń gbé ní Bourdillon, nígbà tí òtẹ́ẹ̀lì tí a gbà fún un kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí ibi tí ó ti wọ ọkọ̀. Ọmọ Ẹ̀ṣọ́ ni wá l'óòótọ́, a kì í sá lójú ogun, ṣùgbọ́n ìgboyà kò mọ òpópónà Èkó.

Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ jẹ́ kí ọmọ kan kọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì, nọ́ńbà ilé, òpópónà, àti ibùdó bọ́ọ̀sì tí ó súnmọ́ ọn sórí ìwé, kí ó má ṣe wà nínú fóònù nìkan, nítorí iná fóònù lè tán. Kí ó pe òtẹ́ẹ̀lì náà pẹ̀lú, kí ó bi akọ̀wé wọn pé èló ni takisí ń gbà láti Alágọ́mẹ́jì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni yẹn kò ní èrè kankan nínú owó ọkọ̀. Iye tí ó bá dá ni kí ẹ fi dúnàádúrà, kí ẹ sì parí rẹ̀ kí ẹ tó jókòó. Bí ó bá jẹ́ Bolt tàbí Uber ni ọmọ yín bá yín pè, ẹ wo nọ́ńbà ara ọkọ̀ dáadáa. Bí kò bá bá èyí tí ó wà nínú fóònù mu, ẹ má wọ̀ ọ́, bí awakọ̀ tilẹ̀ ń pè yín ní Ìyá mi.

Ibi tí ẹ ní iṣẹ́ sí ni kí ẹ wá òtẹ́ẹ̀lì sí. Bí ó bá jẹ́ Ìkẹjà, kí ni ẹ ń wá dé Alágọ́mẹ́jì? Ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Agége. Rélùwéè pupa ti ìjọba Èkó náà wà, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2024 láàárín Agbádò àti Oyíngbo; ó ń dúró ní Ìkẹjà, Oṣòdì, Múṣin àti Yábàá, ṣùgbọ́n káàdì Cowry ni a fi ń wọ̀ ọ́.

Ẹ má gun ọ̀kadà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba Èkó ti fi òfin dè é ní ìjọba ìbílẹ̀ tí Alágọ́mẹ́jì wà, àti ní Etí-Ọ̀sà tí Ìkòyí wà. Bí ọlọ́pàá bá mú un, ẹ̀yin àti ẹrù yín ni yóò wà ní títì.

Ọkọ̀ àárọ̀ sàn ju ti ìrọ̀lẹ́ lọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú bá yín, pàápàá ẹ̀yin ìyá, inú ibùdó ni kí ẹ jókòó sí títí ọkọ̀ tí ẹ pè yóò fi dé.

Ní 1947, òtẹ́ẹ̀lì Bristol ní Èkó kọ̀ láti gba Ivor Cummings sílé nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni, tí baba rẹ̀ jẹ́ ará Sàró. Ariwo ọ̀rọ̀ náà ni ó mú kí gómìnà fi òpin sí irú rẹ̀. Lónìí, yàrá tí ó ti kún ni ó lè dá yín padà, nítorí náà ẹ gba rìsíìtì owó tí ẹ san sílẹ̀. Ẹ tún bèèrè bóyá ilé ọtí wà nísàlẹ̀. Ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn jí fún Àsùbáà.

Nínú yàrá, ìlà oòrùn tí ó yà sí àríwá díẹ̀ ni kí ẹ kọjú sí. Bí ẹ kò bá gbèrò láti lo ọjọ́ mẹ́rin, rákà méjì-méjì ni Àyìlá, Alásárì àti Iṣáì. Mọ̀gàríbì dúró ní mẹ́ta.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra Hájì, bákan náà ni ó rí lọ́hùn-ún. Rélùwéè tí ó ti ń sáré láàárín Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà láti 2018 kì í já èrò sí ẹnu ọ̀nà Mọ́sálásí Mímọ́. Rusaifah ni ó ń dúró sí, ọkọ̀ ni a tún ń wọ̀ láti ibẹ̀. Ẹ kọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì yín sórí ìwé ní èdè Lárúbáwá, kí ẹ sì fi nọ́ńbà yàrá yín ránṣẹ́ sílé ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá dé.