Kẹ́ ẹ tó fi "Ltd" sẹ́yìn orúkọ iṣẹ́ yín

Ọ̀bẹ kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ gíráfíìkì dìsáínà tó ń ṣiṣẹ́ fúnra wọn ní Festac àti Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin rí. Àwọn ló ń ya lógò fáwọn oníṣòwò Trade Fair, àwọn ló ń kọ "Ltd" sára páálí ọjà oníbàárà, àmọ́ inú àkáǹtì tí wọ́n fi ń ra búrẹ́dì lowó iṣẹ́ tiwọn ń wọlé sí.

Bẹ́ẹ̀, àdúgbò yìí ò kéré nídìí iṣẹ́ náà. Àjọ̀dún àṣà ọdún 1977 ló bí Festac, Erhabor Emokpae tó ya àmì àjọ̀dún ọ̀hún, dìsáínà ni.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Tó bá jẹ́ orúkọ àbísọ àti orúkọ bàbá yín nìkan lẹ fi ń ṣiṣẹ́, òfin ò ní dandan kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ lórúkọ mìíràn, ẹ gbọ́dọ̀ fi business name sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ sì ti máa ṣe é. Ìkẹta ni Ltd. Tẹ́lẹ̀, èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n òfin CAMA ọdún 2020 ti gba ẹnì kan ṣoṣo láàyè.

Èrò tèmi ni pé ewu iṣẹ́ ló yẹ kẹ́ ẹ fi yàn, kì í ṣe fáàrí. Lójú òfin, ẹ̀yin àti business name yín ò yàtọ̀ síra. Gbèsè rẹ̀, gbèsè yín ni. Ltd ní tiẹ̀ dá dúró bí èèyàn. Tó bá jẹ gbèsè, òun ló jẹ ẹ́, àfi tẹ́ ẹ bá lu jìbìtì tàbí tẹ́ ẹ fúnra yín ṣe onídùúró.

Ẹni tó jẹ́ pé lógò nìkan ló ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, business name ti tó o. Ṣùgbọ́n ká ní oníbàárà kan l'Ágboju kó mílíọ̀nù méjì náírà fún yín láti tẹ páálí ọjà, ẹ gbé e lọ sí Ṣómólú, àwọ̀ rẹ̀ wá bàjẹ́. Ta ló máa mú? Ẹ̀yin ni! Láptọ́ọ̀pù, mọ́tò àti owó tẹ́ ẹ tọ́jú ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ méjì tẹ́ ẹ jọ ń lo business name kan, ẹ ṣọ́ra. Gbèsè iṣẹ́ tí ẹnì kejì bá jẹ máa kàn yín. Ẹ má torí pé inú Close kan náà lẹ ti dàgbà kẹ́ ẹ má kọ àdéhùn sílẹ̀.

Àwọn kan ń sá fún owó orí. Àìforúkọsílẹ̀ ò yọ ẹnikẹ́ni. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026 ti yọ 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú owó tó ń wọlé féèyàn lọ́dún kúrò.

Ltd náà ní wàhálà tiẹ̀: ìṣirò owó àti ìròyìn ọdọọdún fún CAC. Torí náà, ẹ wo iṣẹ́ oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Ṣé èyí tẹ́ ẹ ò ní lè san wà níbẹ̀ ká ní ó bàjẹ́? Tó bá wà, ẹ lọ dá Ltd sílẹ̀. Tí ò bá sí, ẹ fi business name sílẹ̀, kẹ́ ẹ fowó tó kù wá iná síbi iṣẹ́.