Báà gígùn ò lè sọ ẹ̀rọ agégi kékeré di ẹ̀rọ ńlá o

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú, pàápàá ẹ̀yin mẹkáníìkì tó ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe àti ẹ̀yin tó ń ta páàtì. Ẹ má bínú, màá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ agégi kékeré, èyí tí àwọn míì kàn ń pè ní ẹ́ńjìnnì, ti pọ̀ lọ́wọ́ wa báyìí láti Ìjẹ̀dẹ̀ títí dé Ẹ̀pẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rẹ́ ọwọ́ igi máńgòrò, tó fẹ́ ṣán oko ẹ̀gẹ́, tó fẹ́ gé igi ìdáná fún àwọn ìyá wa tó ń yan ẹja, kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ àṣà kan ti ń ràn láàárín wa. Èèyàn á ra ẹ̀rọ kékeré tán, kò ní í pẹ́ tí ẹnì kan á fi wá bá a pé, "Ọ̀gá, a lè gbé agbára ẹ̀ sókè. Ẹ jẹ́ ká fi báà ńlá sí i. Ẹ jẹ́ ká lu sàlẹ́ńsà ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá kábúrétọ̀ tó tóbi." Owó á jáde. Báà íǹṣì 22, nígbà míì 25, á bọ́ sórí ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní kó má gbé ju 14 tàbí 16 lọ. Ẹni tó ni ín á gbé e kọ́ èjìká wọ oko, á rò pé òun ti di ọlọ́jà igi. Irọ́ ni wọ́n pa fún un.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sọ ọ́. STIHL MS 170 tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀, tàwọn ará Jámánì, 30 cc ni. Agbára ẹ̀ jẹ́ 1.2 kW. MS 070 tí àwọn agégi fi ń la ìrókò sí pákó nínú igbó, bíi 106 cc ni, agbára ẹ̀ jẹ́ 4.8 kW. Ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn. Báà kì í ṣe ohun tó ní agbára nínú, irin pẹlẹbẹ ni. Inú sìlíńdà ni agbára wà. Tí ẹ bá wá so báà 25 mọ́ ẹ́ńjìnnì 30 cc, ẹ kàn di ẹrù ràkúnmí lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lórí ni.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀. Nígbà tí báà gígùn bá wọ inú igi, eyín tó ń jẹ igi lẹ́ẹ̀kan náà ti pọ̀ ju ohun tí ẹ́ńjìnnì lè fà lọ. Eré ẹ̀ á já wálẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Kílọ́ọ̀ṣì tó bá ń yọ̀, ó ń gbóná ni, ooru yẹn sì sún mọ́ pọ́ǹpù tó ń fún ṣéènì lọ́ọ́ìlì. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré, ike wà lára ohun tó ń yí pọ́ǹpù yẹn. Ike á yọ́. Ká tiẹ̀ ní kò yọ́, ìwọ̀nba ọ́ìlì tó máa tó báà kúkúrú ni wọ́n ṣe pọ́ǹpù yẹn láti tú jáde, kò lè tó ti báà gígùn. Orí báà á gbẹ. Tí ẹ bá rí i tí etí báà pọ́n bí ẹni pé wọ́n rẹ ẹ́ láró, ooru ló sè é bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á wá tún rọ kọ̀ńdẹ́ḿ ọ́ìlì sí i lórí gbogbo èyí, ọ́ìlì tó kún fún ìdọ̀tí irin. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́.

Ti ṣéènì ló tún ń da àwọn èèyàn láàmú jù. Ẹ̀yin ọlọ́kadà mọ̀ pé ṣéènì àti sípírókẹ́ẹ̀tì jọ ń lọ ni. Ẹ ò lè gbé ti ọ̀kadà kan sórí òmíì torí pé ó gùn tó. Bákan náà ni níbí. Ṣéènì kan wà tó jẹ́ 3/8 kékeré, òun ni ti MS 170. .325 wà. .404 wà fún àwọn ẹ̀rọ ńlá. 3/8 ńlá tún wà, orúkọ wọn jọra pẹ̀lú ti kékeré, àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ìnípọn ẹsẹ̀ ṣéènì tó ń wọ inú ihò báà náà tún yàtọ̀ síra: 1.1, 1.3, 1.5, 1.6 mílímítà. Èyí tó nípọn ju ihò lọ ò ní wọlé. Èyí tó tín-ín-rín jù á máa jó sọ́tùn-ún sósì, á gé igi wọ́gọwọ̀gọ, tó bá ṣe díẹ̀ á fò kúrò lórí báà. Ẹ má gbàgbé pé ṣéènì yìí lè sáré bíi mítà 20 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kì í ṣe ohun téèyàn ń fẹ́ kó fò sí òun lára.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lu sàlẹ́ńsà ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì yìí ò ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀ nínú ikùn. Ọ́ìlì tó ń bá epo pẹtiróòlù wọlé ló ń rọ písítìnì. Tí ẹ bá ṣí ojú ọ̀nà èéfín tí epo tó ń wọlé ò sì pọ̀ sí i, ẹ́ńjìnnì á máa ké fíín bí ẹni pé agbára ti dé, ooru ló ń pa á lọ. Ariwo yẹn ni wọ́n ń tà fún yín. Lọ́sẹ̀ mélòó kan, písítìnì á ha, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì, ẹni tó lù ú á ní epo burúkú lẹ rọ. Wọ́n tún máa ń yọ àwọ̀n kékeré inú sàlẹ́ńsà sọ nù. Àwọ̀n yẹn ló ń dá ẹ̀ta iná dúró. Ẹ gbé ẹ̀rọ tí kò ní in wọ pápá gbígbẹ nígbà ọyẹ́, kẹ́ ẹ wá máa wá ẹni tó fi iná sóko.

Síbẹ̀, gbogbo ìyẹn, owó ni. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni títapadà. Tí ìdajì òkè ṣóńṣó báà bá kan igi, tàbí ó kan ẹ̀ka tẹ́ ẹ ò rí lẹ́yìn igi, eyín á há, báà á sì ta sókè padà sọ́dọ̀ ẹni tó mú un kó tó ṣẹ́jú. Ọrùn, ojú, èjìká ló ń wá. Báà gígùn lórí ẹ̀rọ fúyẹ́ ń mú kí orí wúwo ju ìdí lọ, ọwọ́ á rẹ̀ yín, ṣóńṣó á máa sọ̀ kalẹ̀, ẹ ò sì ní mọ ibi tó wà mọ́. Bùréèkì tó wà ní iwájú ọwọ́ òsì, òun ni wọ́n ṣe láti dá ṣéènì dúró nígbà yẹn. Ẹ wá wò ó, mo ń rí ẹ̀rọ lóko tí wọ́n ti tú u dà nù. Tí mo bá béèrè, wọ́n á ní, "Ọ̀gá àgírìkì, ó ń dí wa lọ́wọ́ ni." Ọmọkùnrin kan tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ò lè gbé apá òsì ẹ̀ kọjá àyà mọ́ báyìí. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n "gbé agbára ẹ̀ sókè" ni.

Mo mọ èsì tẹ́ ẹ máa fọ̀. Ẹ ó ní owó ẹ̀rọ ńlá ò sí. Òótọ́ ni, kò sí. Àmọ́ ẹ ṣírò ẹ̀ fún mi: owó báà, owó ṣéènì, owó kábúrétọ̀, owó iṣẹ́ mẹkáníìkì, ẹ fi owó ẹ́ńjìnnì tó nọ́ọ̀kì kún un. Igi ńlá mélòó gan-an lẹ ń gé lọ́dún? Ọ̀pọ̀ wa ò gé tó márùn-ún. Àwọn agégi tó ní ẹ̀rọ ńlá, tí iṣẹ́ náà sì yé, wà lọ́nà Àgbówà àti Ẹ̀pẹ́. Kí àgbẹ̀ mẹ́rin, márùn-ún tí oko wọn sún mọ́ra dáwó jọ, kí wọ́n pè wọ́n lọ́jọ́ kan, kí wọ́n wó gbogbo igi ńlá tán. Ẹ̀rọ kékeré yín á wá fi wọ́ọ́rọ́wọ́ gé ẹ̀ka ẹ̀ sí wẹ́wẹ́.

Ẹlòmíì á ní tòun kì í ṣe 30 cc, 5200 tí wọ́n kó wá láti Ṣáínà ni. Ó dáa. Báà tó bá a wá nínú páálí ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì ka ìwé ẹ̀ kẹ́ ẹ tó po epo, torí ìwọ̀n ọ́ìlì ẹ̀ lè má bá ti STIHL mu. STIHL ní 1 sí 50 tó bá jẹ́ ọ́ìlì tiwọn, ìyẹn mílílítà 100 sínú lítà 5.

Kí wọ́n má gbọ́ mi sódì o. Mi ò sọ pé páàtì tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ gan-an burú. Ṣéènì olówó pọ́ọ́kú tí ìwọ̀n ẹ̀ bá ẹ̀rọ mu á ṣiṣẹ́, bí kò tiẹ̀ ní í pẹ́. Èyí tí kò bá a mu ni mò ń bá jà, ì báà ti Jámánì wá.

Ẹ̀yin tó ń ta á, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó gba owó, ẹ béèrè irú ẹ̀rọ tí oníbàárà ní. Ẹ̀yin tó ń rà á, ẹ mú ṣéènì àtijọ́ dání lọ sọ́jà, kẹ́ ẹ sì fi fóònù ya nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára báà yín. Tó bá ti pa rẹ́, ẹ ka ẹsẹ̀ ṣéènì: báà íǹṣì 14 ti MS 170 ń lo ẹsẹ̀ 50. Kẹ́ ẹ wá fi rúlà wọn ìṣó mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn, láti àárín àkọ́kọ́ dé àárín ìkẹta, kẹ́ ẹ pín in sí méjì. Ohun tó bá jáde ni kí oníṣòwò fún yín.