Ọpọlọ Ni Ó Ń Gbọ́ Ohùn Ìlù

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ohun tó bá wọ etí gan-an ni ọmọ ènìyàn ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1976, Harry McGurk àti John MacDonald fi hàn pé bí etí bá ń gbọ́ «ba», tí ojú sì ń wo ẹnu tó ń pe «ga», ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò ní «da» ni àwọn gbọ́. Kò sí ẹni tó pe «da» níbẹ̀. Ọpọlọ ló ṣẹ̀dá rẹ̀ láti inú ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí onílù Yorùbá. Ìyáàlù dùndún kì í pe kọ́ńsónáǹtì, kì í sì í pe fáwẹ̀lì. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni ó ń gbé jáde. Bí ó bá dún ní ohùn àárín àti òkè, ó lè jẹ́ ilé, ó lè jẹ́ igbá, ó sì lè jẹ́ ọkọ́. Ọpọlọ olùgbọ́ ni yóò yan ọ̀kan, láti inú òwe àti oríkì tó ti wà ní ìpamọ́ níbẹ̀. Abájọ tí àwọn àgbà fi ní bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù ògìdìgbó.

Nítorí náà, àṣìṣe ni láti bá ọ̀dọ́ wí pé etí rẹ̀ di nígbà tó bá ní ariwo lásán ni ìlù. Etí rẹ̀ dá ṣáṣá. Àká ọpọlọ rẹ̀ ló ṣófo. Ẹni tí kò gbọ́ oríkì rí, kí ni yóò fi dá a mọ̀ lójú ìlù? Ẹ̀bi àwọn tó yẹ kí wọ́n kọ́ ọ ni.

Ó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ fi òwe àti oríkì sí akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu, kí ó tó gbé ìlù wọ kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti mọ ọ̀rọ̀ náà yóò gbọ́ ọ kedere nínú ìlù tí kò yéé tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, kí òun náà má ṣe dá ọpọlọ rẹ̀ lójú jù: ìlù kan náà ni ẹnì kan ń gbọ́ bí oríkì, tí ẹlòmíràn ń gbọ́ bí èébú. Kí ó tó bínú, kí ó bi onílù léèrè.