Ẹ Jẹ́ Ká Fẹsẹ̀ Rin Òkè Ẹ̀fọ̀n

Bí Yorùbá bá gun òkè lónìí, àdúrà ló sábà máa ń gbé e lọ. Láyé àwọn baba ńlá wa, ogun ni. Kéèyàn kàn máa rìn láti abúlé dé abúlé nítorí pé ìrìn dùn, òyìnbó la fi ìyẹn sílẹ̀ fún. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, olùkọ́ jọ́gíráfì tí kì í lè panu mọ́ bó bá ti rí òkúta, ní ká dán an wò lórí àwọn òkè tó wà láàárín Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì.

Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà la ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí omi Olúmirin ti ń já wálẹ̀ ní ìpele méje. Ìpele kìíní àti ìkejì lọ̀pọ̀ àlejò ń mọ. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Lókè ibẹ̀ lọ̀nà ti ń le: gbòǹgbò igi ni àtẹ̀gùn, òkúta á sì máa yọ̀. Bàtà olówó gọbọi ló wà lẹ́sẹ̀ wa, sálúbàtà rọ́bà ló wà lẹ́sẹ̀ ọmọkùnrin tó ṣamọ̀nà wa, síbẹ̀ àwa là ń ṣubú.

Ẹni tó bá ré kọjá ìpele keje á bá abúlé níbẹ̀. Abákẹ́ lorúkọ rẹ̀, òun àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè ló sì jọ pààlà. Màmá kan tó ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ pàdé wa lójú ọ̀nà.

“Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé ẹ sọ nǹkan nù ni?”

“Rárá o, mà,” ọ̀rẹ́ mi fèsì, “òkè la wá wò.”

“Òkè wo?”

Mi ò dá màmá lẹ́bi. Ẹni tó ń fi orí ru ẹrù gba ibẹ̀ lójoojúmọ́ kò lè rò pé ọkùnrin méjì tó ti dàgbà á máa rìn lórí asán. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí màmá ń rìn yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Àwọn òkè wọ̀nyí kò dá dúró gàgàrà bíi ti Ìdànrè. Wọ́n gùn tẹ̀ léra wọn ni, ọ̀rẹ́ mi sì ní òkúta kuọ́táìtì tó wà níbẹ̀ ló fà á, nítorí òjò kì í tètè jẹ ẹ́. (Mo gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú gan-an o.) Lápá àríwá ibẹ̀, ní àárín Ìmẹ̀sí-Ilé àti Igbájọ, ni Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn ti dojú kọra wọn nínú ogun Kírìjì, láti 1877 títí di 1893. Ẹ̀fọ̀n ni ibojì Àpọ́sítélì Ayọ̀ Babalọlá, tó kú ní 1959, wà, èrò kò sì yéé lọ gbàdúrà níbẹ̀. Ọ̀wọ́ òkè kan náà ni. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ méjì ló pín in lónìí, Ọ̀ṣun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991 àti Èkìtì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1996: Olúmirin bọ́ sọ́wọ́ Ọ̀ṣun, Ẹ̀fọ̀n, omi Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò àti omi gbígbóná Ìkọ̀gọ̀sì bọ́ sọ́wọ́ Èkìtì.

Kálukú di ẹnu géètì tirẹ̀ mú, ó ń já rìsíìtì. Oníbodè ayé àtijọ́ náà ń gbowó, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà lẹ́yìn ibodè tirẹ̀. Àwọn tiwa ń ta omi, wọn ò mọ̀ pé ọ̀nà náà ṣeé tà. Lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n, ibi tí ọ̀nà ti dàgbó, ọ̀kadà la gùn. Nígbà tá a wá ki ẹsẹ̀ bọ ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé ní Ìkọ̀gọ̀sì, inú mi dùn, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé ọ̀kadà ló bá mi jẹ lára ìrìn náà.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: àwọn ajínigbé ńkọ́? Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó yẹ kó dá wọ igbó yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó ń bá wọn béèrè ọ̀rọ̀ ààbò. Ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn tó bá ń ṣọ́ ọ̀nà nítorí àlejò ti ṣọ́ ọ fún màmá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ náà nìyẹn.

Títa ọ̀nà náà kò sì gba ilé ìtura tuntun. Kí wọ́n fi àdá ṣán ọ̀nà láti Olúmirin dé Ìkọ̀gọ̀sì, kí wọ́n fi ọ̀dà funfun sàmì sára òkúta, kí wọ́n sọ àwọn ọdẹ abúlé di amọ̀nà tó ń gbowó oṣù. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni kí àlejò rà fún ìpínlẹ̀ méjèèjì, kí nínú owó rẹ̀ sì máa kan abúlé tó bá gbà kọjá. Àjọ DAWN tó wà ní Ìbàdàn, tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá torí irú àjọṣe báyìí dá sílẹ̀, lè pe ìpàdé rẹ̀ lọ́la. Kí kọmíṣọ́nnà ìrìn-àjò afẹ́ ìpínlẹ̀ méjèèjì kọ́kọ́ bá wa rìn ín ná. Kí wọ́n fi jíìpù sílẹ̀ ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kí awakọ̀ lọ dúró dè wọ́n ní Ìkọ̀gọ̀sì.