Àpótí fíìmù kì í ṣe àpótí wèrè

Ẹ̀yin ará wa, àwọn àgbà ní: ohun tó wuni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi dá àwọn kan lóhùn ní Tatonnonkon, nítorí pé ẹ̀rín tí wọ́n ń rín kò dára.

Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa, àgbẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ló ń mú owó wọlé fún un. Èmi àti òun la jọ kọ́ ìwé kíkà ní alẹ́. Ó fẹ́ràn fíìmù Yorùbá bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn àkàrà. Ní ọdún 2010, nígbà tó ta àgbàdo rẹ̀ tán ní ọjà Ikpinlè, ó gba Igolo kọjá sí Nàìjíríà. Ó dé pẹ̀lú páálí ńlá kan. Fíìmù méjìléláàádọ́rin ló wà nínú rẹ̀, ojúlówó ni gbogbo wọn. Gbogbo fíìmù Túndé Kèlání tó rí ló rà: Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ti ọdún 1993, Ó Le Kú ti 1997, Ṣaworoidẹ ti 1999, Agogo Èèwọ̀ ti 2002, Arugbá ti 2008. Ó ní kí káfíńtà kan àpótí igi tó ní àgádágodo fún wọn. Àti fíìmù, àti àpótí, àti owó ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 85.000 sẹ́ẹ̀fà.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní "Bàbá Fíìmù". Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Wọ́n ní 1.000 sẹ́ẹ̀fà péré ni ènìyàn fi ń ra àwo kan tí wọ́n kó ogún fíìmù sí. Ní báyìí tí fóònù ti wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, ẹ̀rín náà tún pọ̀ sí i: "Ohun tó wà nínú fóònù ọmọdé ló fi owó oko rà!"

Èmi ní wọ́n ṣì í. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ owó. Owó ta ni? Kò jí i, kò sì yá a. Ó ti san owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ kó tó lọ. Ó ti ya irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ sọ́tọ̀. Ẹ wá wo àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ sin òkú, wọ́n á yá owó ra aṣọ ẹbí. Wọ́n á pa màlúù, wọ́n á háyà àga àti gbohùngbohùn, wọ́n á ra ọtí fún àlejò tí wọn kò mọ̀ rí. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, owó tí wọ́n ná ti ju 85.000 lọ fíìfíì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi oko ọ̀pẹ dógò, ọmọ á sì fi ilé ìwé sílẹ̀. Ta ló pè wọ́n ní wèrè? Kò sẹ́ni. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe kì í jọ wèrè lójú wa, ṣùgbọ́n gbèsè ni gbèsè ń jẹ́.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ olè. Àwo ogún fíìmù tí ẹ ń yìn yẹn, kí ló dé tó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀? Nítorí pé ẹni tó ṣe fíìmù náà kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀ ni. Ẹ rántí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá tí gbogbo wa mọ̀, tó kú ní ọdún 2018. Ní 1982, ó ṣe fíìmù Ọ̀run Móoru. Owó ńlá ló ná sí i. Àwọn olè da fíìmù náà sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á kiri. Ènìyàn wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ẹni tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín wọ gbèsè.

Bí olè bá wọ àká yín lóru, tó kó àgbàdo yín lọ tà ní Pobè ní owó pọ́ọ́kú, ṣé ẹ ó yin ẹni tó rà á? Ṣé ẹ ó ní ọlọ́gbọ́n ni? Iṣẹ́ ọpọlọ náà ní òógùn tirẹ̀. Òfin Bẹ̀nẹ̀ pàápàá, èyí tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2006, dáàbò bo òǹkọ̀wé, olórin àti ẹni tó ń ṣe fíìmù. Fíìmù tí ẹni tó ni ín bá fúnra rẹ̀ gbé sórí fóònù, ẹ wò ó, kò sí ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ má ra ẹrù olè, kí ẹ tún máa fi ẹni tó sanwó ṣẹ̀sín.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ èdè. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó, wọ́n fa ààlà sí ilẹ̀ wa. Wọn kò bi wá. Ẹ̀gbọ́n bọ́ síhìn-ín, àbúrò bọ́ sọ́hùn-ún. Ní ilé ìwé, èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè pa, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Ọjà dúró, ẹbí kò rí ẹbí. Ṣùgbọ́n fíìmù tó wà nínú àpótí kò mọ ẹnubodè. Nínú Ṣaworoidẹ, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn rẹ̀, ọmọ wa á gbọ́ òwe, á gbọ́ orin, á gbọ́ ohun tí ìlù ń wí. Èdè Nàgó wa kò bá tiwọn dọ́gba pátápátá, ṣùgbọ́n a gbọ́ ara wa.

Síbẹ̀, n kò ní gbè lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi kí n wá máa purọ́. Ó jẹ̀bi lọ́nà méjì. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ẹnu ará ọjà ni obìnrin náà ti gbọ́ pé ọkọ òun ra páálí fíìmù. Bẹ́ẹ̀, òun náà gbin àgbàdo yẹn, òun náà ya á, orí rẹ̀ ló fi rù ú wálé. Owó tí òógùn ẹni méjì wà nínú rẹ̀, ẹni méjì ló yẹ kó jọ fẹnu kò kí wọ́n tó ná an. Èkejì, ó ti àpótí náà pa, òun nìkan ló ń wò ó. Fíìmù tí a tì mọ́ àpótí kò yàtọ̀ sí àgbàdo tí kòkòrò ń jẹ nínú àká.

Mo sọ ọ́ fún un lójúkojú. Ó bínú; ọ̀sẹ̀ méjì ni kò kí mi. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pè mí. Ó bẹ ìyàwó rẹ̀ níṣojú mi, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ àpótí lé e lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, obìnrin náà ló ń yan èyí tí a ó wò.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a wo Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ní àgbàlá wọn. Ìtàn àwọn tó ta ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn ni. Nígbà tó parí, kò sẹ́ni tó dìde. Bàbá àgbà kan wà láàárín wa tí àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ ti ń wá bá nílé. Ó ní: "Bí mo bá ta tèmi, kí ni àwọn ọmọ-ọmọ mi yóò gbìn?" A jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú gan-an. Ẹ sọ fún mi, èwo nínú àwọn òkú tí a náwó lé lórí ló mú wa bi ara wa ní irú ìbéèrè yẹn?

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹni tó bá fẹ́ ra ohun tó wù ú, kó kọ́kọ́ san owó ilé ìwé ọmọ. Kó bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kó ra ojúlówó. Kó pe aládùúgbò wá bá a jẹ ìgbádùn rẹ̀. Bí ó bá ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń rẹ́rìn-ín, a ti jọ kọ́ ìwé. Ẹ mú bíró, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ná sí òkú tí ẹ sin kẹ́yìn sílẹ̀, kí ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá fi àpótí ẹ̀gbọ́n wa rẹ́rìn-ín, bí ẹ bá ṣì lè rẹ́rìn-ín.